Bó Bá Mọṣẹ́, Kí Ló Ń Ṣe Níbí?

Orí bẹ́ǹṣì ìyá olóúnjẹ kan ní Warehouse Road, ní Àpápá, ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ejẹ́ǹtì ni wọ́n, wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ó ti lé lógún ọdún. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, orí ti ń fọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ òsì wọn sì ń ṣe wọ́n bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n ti yà sí ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Ajégúnlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà tó wà níbẹ̀ wọn ìfúnpá wọn, ó ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì ti ga kọjá ohun tí èèyàn ń fojú kékeré wò. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé oògùn sápò, wọ́n wá jókòó ti àmàlà. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ra oògùn ọ̀hún.

"Ọmọ kékeré yẹn? Bó bá mọṣẹ́, kí ló ń ṣe níbí? Ṣebí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù."

Awakọ̀ tírélà tó jókòó tì wá ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyá olóúnjẹ ní ọmọ àbúrò òun tó jẹ́ dókítà ti lọ láti ọdún mẹ́ta, pé àwọn tí kò rọ́nà lọ ló ṣẹ́ kù sí wa lọ́rùn. Èmi náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò ìwé oògùn náà, wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ṣe dókítà ní England, wọ́n ń retí èsì. Ọjọ́ kọkànlá ni èsì dé: "Bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà. Mi ò lè kọ oògùn fún ẹni tí mi ò fojú rí. Ẹ lo èyí tí dókítà yín kọ, òun náà ni èmi ì bá kọ." Ọjọ́ kẹsàn-án ni rọpárọsẹ̀ ti dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò síbi tí mi ò ti gbọ́ gbólóhùn yẹn. Mo gbọ́ ọ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Boundary, mo gbọ́ ọ níbi ìkómọ, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ni ìdánwò tí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ń ṣe fún dókítà wa: ìyẹ̀fun tó kúnná bọ́ sí òdìkejì òkun, èérí kù sókè fún wa. Ẹni tó bá yege ni dókítà gidi. Ẹni tó wà nílé, bóyá ó gbìyànjú kò yege, bóyá kò tilẹ̀ dán an wò nítorí ó mọ ara rẹ̀.

Irọ́ ni. Ẹnubodè ni ìdánwò yẹn, kò sì sí oníbodè kan láyé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ bí ẹni tó ń kọjá ṣe níye lórí tó.

Ó yẹ kí ará Àpápá mọ ìyàtọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti 1926 tí wọ́n ti ṣí èbúté wa fún ọkọ̀ ojú omi ńlá ni àwọn aṣọ́bodè ti ń tú ẹrù wò níbẹ̀. Aṣọ́bodè á wo ìwé, á wò ó bóyá ohun tó wà nínú kọ̀ńténà bá ohun tí wọ́n kọ mu, á wò ó bóyá ohun tí ìjọba kọ̀ wà níbẹ̀, á gba owó orí ẹrù. Ẹrù tó dára lè jókòó sí èbúté fún oṣù mẹ́ta nítorí ìwé kan ṣoṣo. Èyí tí kò dára tó o lè jáde lọ́jọ́ kẹta, torí pé ìwé rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí tọ́ ọmọ mẹ́rin kò jẹ́ wí láéláé pé ìrẹsì tí kò tíì jáde ní èbúté kò ní dùn lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tó kan dókítà, wọ́n gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bọ ìdánwò yìí bí òrìṣà kò mọ ohun tí wọ́n ń bi èèyàn níbẹ̀, nítorí náà màá sọ ọ́. General Medical Council, tí gbogbo èèyàn ń pè ní GMC, ló ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Britain láti ìgbà tí òfin 1858 ti dá a sílẹ̀. Dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìdí-Àràbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá gba ti ìdánwò IELTS, ó gbọ́dọ̀ ní 7.5 lápapọ̀, kò sì gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 7 nínú ẹ̀yà ìdánwò náà kankan. Èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó fi kọ gbogbo ìdánwò ìṣègùn rẹ̀, ni wọ́n ní kó wá sanwó fi hàn pé òun mọ̀. Wọ́n á tún bá a tọ pinpin ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde. Ìdánwò ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní PLAB ló kàn wàyí. Apá kìíní rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí mẹ́ta, èèyàn sì lè ṣe é ní Nàìjíríà níbí. Apá kejì, àfi kó wọ bàálù lọ sí Manchester. Yàrá 16 ni yóò wọ̀ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ, níbi tí ẹnì kan ti ń ṣe bí aláìsàn, tàbí bí mọ̀lẹ́bí aláìsàn, tí olùdánwò sì ń kọ máàkì. Owó apá kejì yìí nìkan tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn. Owó físà kò sí nínú rẹ̀, owó bàálù kò sí nínú rẹ̀, owó ibi tí yóò sùn àti ti àwọn olùkọ́ tó ń múni gbára dì kò sí nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ń gba owó oṣù ìjọba ní Nàìjíríà bá mi ṣírò rẹ̀ sí náírà.

Ibi tó ká mi lára jù ló kàn. Ìwọ̀n tí GMC fúnra rẹ̀ sọ pé òun fi ń wọn èèyàn nínú PLAB ni ti dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kan ṣoṣo lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ ní Britain. Ọdún kan! Obìnrin tó ti ń gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, bó bá yege PLAB, ohun tí ìwé náà wí nípa rẹ̀ kò ju pé a lè fọkàn tán an láti ṣe ohun tí ọmọ tó wà ní ọdún kejì lẹ́nu iṣẹ́ ń ṣe. Kò wí pé ó ju ẹnikẹ́ni tó kù sí Ajégúnlẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ wí pé ó tó ohun tó jẹ́ kó tó lọ. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa la gbé adé tí wọn kò rọ lé e lórí.

Ohun tó pọ̀ nínú ìdánwò náà ni bí nǹkan ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwọn. Ta ni ẹni tí wárápá gbé gbọ́dọ̀ sọ fún kó tó tún fọwọ́ kan ọkọ̀ wíwà? Irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń lò fún ọmọbìnrin aláìsàn lọ́dọ̀ọ́ wọn tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́? Nígbà wo ni wọ́n ń ké sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé? Nǹkan rere ni gbogbo rẹ̀, bí mo bá sì ń ṣàìsàn ní Manchester, màá fẹ́ kí dókítà mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí yàrá kan nínú mẹ́rìndínlógún yẹn tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí èèyàn máa ṣe nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tán, tí jẹnẹrétọ̀ kú, tí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń jẹ̀rora, tí bàbá rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà láàárín àwọn tírélà tí kò kúrò lójú kan láti àná.

Ti Amẹ́ríkà tún wá le ju ti Britain lọ. Lẹ́yìn ìdánwò USMLE, oníṣẹ́ abẹ tó ti di àgbà níbí gbọ́dọ̀ padà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti ọdún kìíní bí ọmọ tó jáde lánàá, bó bá rẹ́ni gbà á. Ìpínlẹ̀ Tennessee ti ṣòfin ní 2023 láti dín ìyà yìí kù, nítorí dókítà ò tó wọn. Ṣé ìmọ̀ oníṣẹ́ abẹ yẹn jábọ́ sínú òkun nígbà tó ń wọ bàálù ni? Nígbà tí Tennessee yí òfin padà ńkọ́, ṣé ìmọ̀ náà lúwẹ̀ẹ́ padà?

Nínú ìtàn Èkó gan-an ni ohun tó mú mi gbà pé ẹnubodè ni wà. Nathaniel King dàgbà ní Abẹ́òkúta, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Edinburgh, ó padà wálé, ó sì ṣiṣẹ́ ní Èkó títí ó fi kú ní 1884. John Randle jáde ní Edinburgh ní 1888. Ní 1889, Obadiah Johnson gba oyè MD ní ibẹ̀ kan náà. Àbúrò Samuel Johnson ni, òun ló sì jókòó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ kọ nígbà tí àkọ́kọ́ sọnù. Oguntola Sapara wà níbẹ̀, ẹni tó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná kó lè mọ bí ìgbóná ṣe ń tàn láàárín ìlú. Àwọn yìí kò ṣe ìdánwò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àjèjì. Inú kíláàsì òyìnbó ni wọ́n jókòó, ìbéèrè tí ọmọ òyìnbó dáhùn ni wọ́n dáhùn, ìwé ẹ̀rí kan náà ni wọ́n gbà. Bí ìwé òyìnbó bá jẹ́ òṣùwọ̀n dókítà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ti parí lórí wọn nìyẹn.

Kò parí o. Ní 1902, ìjọba amúnisìn kó iṣẹ́ dókítà ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní West African Medical Staff, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tí yóò bá wọ̀ ọ́, ọmọ Europe ni bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Wọ́n ya dókítà dúdú tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sọ́tọ̀, owó rẹ̀ kéré, ipò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ tí kò rí ibà rí. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ìmọ̀ kò yí, ìwé ẹ̀rí kò yí, ọwọ́ tó ń tọ́jú aláìsàn kò yí. Ẹnubodè nìkan ló sún síwájú.

Wọ́n tún sún un lẹ́ẹ̀kan sí i ní Yábàá. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1930 ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń fún wọn kò ní agbára kọjá Nàìjíríà, olùrànlọ́wọ́ dókítà sì ni ìjọba ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde. Ìbínú lórí irú ìwé tí Yábàá ń fúnni yìí wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement ní 1934. Ẹni tó ṣe ààrẹ rẹ̀ ni J. C. Vaughan, dókítà tó jáde ní Glasgow. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an fún èyí: òun ti la ẹnubodè kọjá, ìwé tirẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ kò yíjú padà kó wí pé ẹni tó kù sí Yábàá kò mọṣẹ́. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ ibẹ̀, ẹnubodè sì ṣí fún wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní orí ju àwọn ọmọ Yábàá lọ. Orúkọ Lọ́ńdọ̀nù tó wà lórí ìwé ni kọ́kọ́rọ́. Ní 1975, GMC bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò tó wá di PLAB lónìí. Ẹnubodè tún sún.

Ó sì tún ń sún báyìí, lójú wa. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, Britain ṣí ilẹ̀kùn gbàgadà nítorí àìtó dókítà, títí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà nínú ìwé GMC fi lé ní 10,000. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó yege PLAB pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, tí ọ̀pọ̀ ń jókòó sílé ìyá wọn tàbí sí yàrá tí wọ́n yá ní Manchester pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́ láìríṣẹ́. Ní oṣù keje 2025, ìjọba ibẹ̀ gbé ètò ìlera ọdún mẹ́wàá jáde, wọ́n ní ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ni àwọn máa kọ́kọ́ fún láyè ẹ̀kọ́ṣẹ́, pé àwọn fẹ́ kí iye tí àwọn ń gbà láti òkèèrè wá sísàlẹ̀ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di 2035. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìlú wọn ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bi dókítà Ajégúnlẹ̀ pé kí ló ń ṣe níbí dá mi lóhùn: ọmọ tí wọn ì bá gbà ní 2022 tí wọn kò gbà mọ́ lónìí, ọpọlọ rẹ̀ dínkù ni?

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń fi dáhùn. Wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáà máa ṣe dókítà níbi tó bá wù ú ni. Rárá. Àwa náà ní ẹnubodè tiwa, mo sì dúró tì í gbágbágbá. Àjọ MDCN, tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò jẹ́ kí ọmọ wa tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ukraine, ní China tàbí ní Sudan fọwọ́ kan aláìsàn láìṣe ìdánwò tirẹ̀. Ní 2022 tí ogun dé, àjọ náà ní òun kò ní gba ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ láti Ukraine. Ó tọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́ níbi tí òjò yìnyín ti ń rọ̀ lè máà rí ọmọ tí ibà sọ di aláìmọ-ara rí àfi nínú ìwé. Ó yẹ kó wá fi hàn wá pé òun ti mọ ohun tó ń pa wá. Gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó náà ṣe ní ẹ̀tọ́ láti wo ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Àgbà dókítà Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, bó bá fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn sí Warehouse Road lọ́la, àfi kí MDCN fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ti Ukraine dé tó ṣubú nínú ìdánwò MDCN, a ní ìwé rírà ni, a ní bàbá rẹ̀ fowó ṣòfò. Ọmọ tó ti Ìbàdàn lọ tó ṣubú nínú PLAB, a ní kò ní orí. Èyí tó wà nílé tí kò ṣubú níbì kankan ńkọ́? A ní kí ló ń ṣe níbí. Ojú ẹnubodè la ṣáà fi ń wo èèyàn. Bí ọmọ Ukraine yẹn bá kàwé fún oṣù mẹ́fà sí i nípa ibà àti ibà Lassa, yóò yege. Kì í ṣe ọ̀bùn láti ilẹ̀, ojú ọ̀nà tiwa ni kò tíì mọ̀.

Àwọn mìíràn á ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, pé ẹni tó lọ ti rí ohun tí ẹni tó jókòó kò rí. Mo gbà. Ó ti rí ẹ̀rọ tí a kò ní, ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí iná kì í kú. Bó bá padà wá, ká fi tọwọ́ tẹsẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n pé àwọn tó lọ dára, kò túmọ̀ sí pé àwọn tó kù burú. Ohun tó ń pinnu ẹni tó lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò kan orí pípé rárá. Mo mọ obìnrin dókítà kan tó ti san owó PLAB kìíní, tí ìyá rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dúró ti ìyá rẹ̀. Mo mọ èyí tí wọ́n kọ̀ ní físà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tó ti sanwó ìdánwò Manchester, tí owó náà sì bọ́. Mo mọ bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó sọ fún mi pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ òun, pé ní Ajégúnlẹ̀ òun mọ orúkọ àwọn ọmọ tí òun gbẹ̀bí wọn, àti ti àwọn ọmọ tí àwọn náà ti bí. Èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí ni èérí?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń bá jà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló mú kí ìwé oògùn wà lápò ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú aboyún kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ọsibítù Gẹ́nẹ́rà Ajérọ̀mí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ "London Trained" sára ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Òun ló ń mú ọkùnrin tó ń tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹfà lọ ra oògùn àpòpọ̀ ní kẹ́míìsì, tó ń retí ìgbà tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston yóò jí. Ó sì ń ṣe dókítà náà ní nǹkan. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fi ọdún mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́, tó ṣe háósì jọ́ọ̀bù, tó sin ilẹ̀ baba rẹ̀, tí àna rẹ̀ wá ń bi í níwájú èrò pé ṣé kò rọ́nà lọ ni. Kò sí owó oṣù kékeré tó dunni tó ìtìjú yẹn. Mo gbàgbọ́ pé ó ti lé dókítà tó pọ̀ jáde tí ebi kò lé.

Ìjọba pẹ̀lú kò mọ̀ jù wá lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2019, mínísítà kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, Chris Ngige, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé dókítà pọ̀ jù fún wa. Ní oṣù kẹrin 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ka àbádòfin Ganiyu Johnson, aṣòfin láti Èkó, lẹ́ẹ̀kejì: pé kí wọ́n má fún dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ níbí ní ìwé àṣẹ kíkún àfi lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ìyẹn ni pé àwa náà fẹ́ gbé ẹnubodè kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìjáde. Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà náà, sọ ní 2024 pé dókítà tó ní ìwé àṣẹ nílé kò ju nǹkan bí 55,000. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní àwọn tó lé ní 16,000 ti lọ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, pé owó tí a fi ń tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di dókítà lé ní 21,000 dọ́là. Gbogbo èèyàn ń ka iye àwọn tó lọ. Ta ló ń ka iṣẹ́ 55,000 yẹn? Àwọn ni wọ́n ń gbé wa dání lórílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, a ní wọn kò mọṣẹ́. Bí aláìsàn bá dìde, a ní Ọlọ́run ló ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí á máa bi dókítà wa ní ìbéèrè tó kan ìlera wa lọ. Ṣé orúkọ rẹ wà nínú ìwé MDCN, ṣé o ti san ti ọdún yìí? Báwo lo ṣe mọ̀ pé àìsàn yìí ni? Kí ni oògùn yìí ń ṣe, ìgbà wo ni kí n padà wá? Ìbéèrè tó ní láárí ni ìwọ̀nyí, dókítà tó mọṣẹ́ á sì dùn láti dáhùn wọn. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn kò ní ìdáhùn kankan tó lè wo orí fífọ́ sàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rìn báyìí. Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ òsì kò tíì lè di báìrò mú, ọmọ wọn ló ń bá wọn kọ ìwé ẹrù. Oṣooṣù ni wọ́n ń lọ sí ilé ìwòsàn kékeré yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà kékeré tẹ̀ ọwọ́ lójoojúmọ́, òun ló máa ń fóònù wọn bí wọ́n bá pa ọjọ́ jẹ. Ní ìparí ọdún tó kọjá, ó sọ fún wọn pé òun ti yege PLAB méjèèjì, òun ti ríṣẹ́, òun ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi súre fún un. Nígbà tí wọ́n dé orí bẹ́ǹṣì Warehouse Road tí wọ́n ròyìn, ìyá olóúnjẹ pariwo pé, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé dókítà gidi ni ọmọ yẹn." Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ òsì wọn, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ọmọbìnrin kan ló wà nípò rẹ̀ báyìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ ní oṣù tó kọjá. Tírélà dí ọ̀nà láti Warehouse Road, a sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, a fi ẹsẹ̀ rìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá kan tó ń dúró de tirẹ̀ ní gbọ̀ngàn wo ọmọbìnrin náà bó ṣe ń kọjá, ó tẹ̀ sí etí ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tì mí, mo gbé wọn dìde, wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ wọ inú yàrá, wọ́n jókòó, wọ́n sì ká apá ẹ̀wù wọn sókè fún un kó tó béèrè.